Ìrìn Yìnyín: Ohun Tó Ń Mú Un Yára àti Ohun Tó Ń Dá A Dúró

Ẹni tó bá dúró lórí pẹpẹ yìnyín Ross ní Antarctica kò ní mọ̀ pé ó ń gbé òun lọ. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó fẹ̀ tó ilẹ̀ Faransé. Síbẹ̀, etí rẹ̀ tó kọjú sí òkun ń rìn tó kìlómítà 1 lọ́dún, bíi mítà 3 lójúmọ́.

Yìnyín tó ṣàn wá láti orí ilẹ̀ ni pẹpẹ yìnyín. Nígbà tó dé etíkun, kò já. Ó nà síwájú, ó léfòó. Nítorí pé orí omi ló ti wà tẹ́lẹ̀, bó bá yọ́, òkun kì í fi bẹ́ẹ̀ kún sí i. Iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe ló jẹ́ kí àwa tí à ń fi àwòrán sátẹ́láìtì wọn ìrìn rẹ̀ máa ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru: ó dà bí igi tí wọ́n fi ti ògiri. Ó ń ha mọ́ òkè lọ́tùn-ún lósì, ikùn rẹ̀ ń họ àpáta abẹ́ òkun níbi tí àpáta bá ti ga, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń fa yìnyín orí ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sẹ́yìn.

Larsen B, pẹpẹ yìnyín mìíràn ní Antarctica, fi èyí hàn wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2002, bíi kìlómítà 3,250 níbùú lóròó lára rẹ̀ fọ́ wómúwómú láàárín nǹkan bí oṣù kan. Àwọn odò yìnyín tó wà lẹ́yìn ibi tó fọ́, irú bíi Hektoria àti Green, bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Nígbà tó fi di 2003, eré wọn ti tó ìlọ́po 8 ti ọdún 2000. Odò yìnyín Flask àti Leppard kò jìnnà síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyókù Larsen B ṣì wà níwájú tiwọn. Wọn ò sáré. N kò tíì rí ẹ̀rí tó yé mi ju èyí lọ.

Ìwọ̀n ọjọ́ kan lè ṣini lọ́nà o. Odò yìnyín Whillans, tó ń ṣàn wọ inú Ross, a jókòó pa fún wákàtí púpọ̀, lẹ́yìn náà a ta síwájú ní nǹkan bí ìdajì mítà láàárín bí ìṣẹ́jú 30. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, bí omi òkun ṣe ń kún tó sì ń fà. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n fún wákàtí kan péré lè sọ pé ó ti kú, ó sì lè sọ pé ó ya wèrè. Bí a bá fi ọ̀pọ̀ ọdún wò ó, ńṣe ló ń falẹ̀. Kamb tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró pátápátá láti ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo yìnyín Antarctica ló ń sáré.

Odò yìnyín Pine Island, ní Antarctica bákan náà, ló ń dẹ́rù bà mí. Omi gbígbóná díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ òkun ń jẹ pẹpẹ rẹ̀ lábẹ́. Láti bíi kìlómítà 2.5 lọ́dún ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, eré rẹ̀ dé bíi 4 ní 2009. Ní irú ibẹ̀, ẹ mú àwòrán méjì tí ọjọ́ 12 wà láàárín wọn, ẹ wá ojú ẹ̀là kan náà nínú méjèèjì: yóò ti sún tó mítà 130. Eré náà dúró sójú kan fún ọdún mélòó kan, ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn sì balẹ̀. Láàárín 2017 sí 2020, bí ìdá kan nínú márùn-ún pẹpẹ náà já lọ, eré rẹ̀ sì tún fi ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i.