Bí "authority" ṣe wọ inú ìwé Max Weber

Nígbà tí Max Weber, onímọ̀ nípa àwùjọ tó jẹ́ ará Jámánì, kú ní Munich ní oṣù kẹfà ọdún 1920, ìwé ńlá tó ń kọ, Wirtschaft und Gesellschaft (Ọrọ̀ Ajé àti Àwùjọ), kò tíì parí. Marianne ìyàwó rẹ̀ ló ṣa àwọn àbọ̀ iṣẹ́ náà jọ, tó sì gbé e jáde ní 1921 àti 1922. Weber ya ọ̀rọ̀ Jámánì méjì sọ́tọ̀ níbẹ̀. Macht, ìyẹn agbára, ni kí ènìyàn lè mú ìfẹ́ inú rẹ̀ ṣẹ bí ẹlòmíràn tilẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, ohun yòówù tí ì báà gbára lé. Herrschaft ní tirẹ̀ ni kí a pàṣẹ, kí àwọn tí a pa á fún sì gbọ́. Ara Herr ló ti yọ, ọ̀rọ̀ tí Bíbélì àwọn ará Jámánì fi ń pe Olúwa, tí wọ́n tún fi ń pe ọ̀gá tó ni ilẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹnìkan ń bẹ lókè, ẹnìkan ń bẹ nísàlẹ̀.

Talcott Parsons, ọ̀dọ́ ọmọ Amẹ́ríkà tó padà di onímọ̀ nípa àwùjọ, dé Heidelberg ní Jámánì lọ́dún 1925, Weber sì ti kú. A. M. Henderson ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí túmọ̀ apá kan ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì, Parsons tún un ṣe, ó sì jáde ní 1947. Herrschaft yọ Parsons lẹ́nu gan-an. Ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé pé Gẹ̀ẹ́sì kò ní ọ̀rọ̀ tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú rẹ̀. Ó lo "imperative control" (ìṣàkóso aláṣẹ), ṣùgbọ́n níbi tí àwọn ènìyàn bá ti gbà pé ìṣàkóso náà tọ́, "authority" ló pè é.

Mi ò rí ẹ̀tàn kankan nínú ohun tó ṣe. Ìpalára rẹ̀ pọ̀ síbẹ̀, torí ènìyàn mélòó ló ń ka àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé? Etí tó bá gbọ́ "authority" ń gbọ́ àṣẹ tí gbogbo ayé fọwọ́ sí. Weber fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé ẹlòmíràn ń díbọ́n ìgbọràn nítorí ohun tí yóò jẹ, àti pé aláìlágbára ń tẹrí ba torí kò rọ́nà gbé e gbà. Ní 1963, Parsons kọ èrò tirẹ̀ pé agbára dà bí owó tó ń yí káàkiri, tí àwùjọ fi ń lépa ohun tí wọ́n jọ fẹ́. Ọwọ́ líle ò fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú ìyẹn.

Reinhard Bendix, nínú ìwé tó kọ lórí Weber, lo "domination" (ìjẹgàba) fún Herrschaft ní 1960. Guenther Roth àti Claus Wittich lo òun náà nínú ìtumọ̀ odidi ìwé Weber tí wọ́n gbé jáde ní Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, àmọ́ wọn ò lé "authority" lọ pátápátá. Ní 2019, Keith Tribe tún orí mẹ́rin àkọ́kọ́ túmọ̀, "rule" (ìjọba léni lórí) ló sì yàn. Tirẹ̀ ni mo fara mọ́ jù, torí kò ti sọ fún òǹkàwé ṣáájú pé tìfẹ́tìfẹ́ ni wọ́n fi gbọ́ràn tàbí tipátipá.