Sinimá Ló Bí Superman

Ẹ bi olólùfẹ́ kọ́míìkì, ìwé ìtàn aláwòrán, èyíkéyìí léèrè ibi tí àwọn akọni alágbára ti ṣẹ̀ wá, kíá ni yóò dá yín lóhùn: Action Comics àkọ́kọ́, oṣù June 1938, sẹ́ǹtì mẹ́wàá, Superman tó gbé odindi mọ́tò sókè níwájú ìwé. Mi ò bá a jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí wọ́n máa ń fi kún un ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa, pé inú ìwé ni akọni wà jẹ́jẹ́ rẹ̀ kí àwọn onísinimá tó wá jí i gbé, tí wọ́n sì bà á jẹ́. Irọ́ ni. Inú òkùnkùn ilé sinimá ni wọ́n ti lóyún rẹ̀, ìwé kàn gbẹ̀bí rẹ̀ ni.

Ọ̀dọ̀ Zorro ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ní August 1919, Johnston McCulley bẹ̀rẹ̀ ìtàn alápá márùn-ún kan nínú All-Story Weekly, ọ̀kan lára àwọn ìwé ìròyìn olówó pọ́ọ́kú tó kún ìgboro Amẹ́ríkà nígbà yẹn. Ọmọ olówó kan ní California ni ìtàn ọ̀hún dá lé. Lọ́sàn-án, á ṣe bí ọ̀dẹ̀ tí kò mọ ọ̀tún mọ òsì. Lóru, á daṣọ bojú, á fa idà yọ, á máa gbèjà mẹ̀kúnnù lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ. Orúkọ méjì, ìwà méjì, àṣírí kan: gbogbo rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n McCulley ò kọ ọ́ bí ohun tó máa tọ́jọ́. Lópin ìtàn, Zorro ṣí ìbòjú rẹ̀ níṣojú gbogbo èèyàn, àṣírí tú, ó parí. Òǹkọ̀wé tó bá fẹ́ kí ìtàn òun lẹ́yìn kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Douglas Fairbanks ló gbà á là, òṣèré tí kì í gba ẹnu ọ̀nà wọlé tí fèrèsé bá wà nítòsí. Ó sọ ìtàn náà di fíìmù ní 1920, The Mark of Zorro. Nínú ìwé, aṣọ ìborùn gígùn aláwọ̀ àlùkò ni Zorro máa ń dà bora. Fairbanks wọ dúdú látòkèdélẹ̀, ó fi ìbòjú bo ojú, ó dé fìlà dúdú, ó sì ń bẹ́ láti orí òrùlé bọ́ sórí ògiri. Owó wọlé, àwọn èèyàn ń bèèrè fún òmíràn, ni McCulley bá tún gbé kálàmù ní 1922. Ìmúra Fairbanks ló wá di ìmúra Zorro nínú ìwé. Ẹ wo bó ṣe lọ: ìwé gbé e fún sinimá, sinimá dá a padà, èyí tó padà sì dáa ju èyí tó lọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Jerry Siegel àti Joe Shuster, àwọn méjì tó wá dá Superman, lọ́dún tí fíìmù yẹn jáde. Èmi máa ń fojú inú rí wọn lórí àga ilé sinimá, ẹnu wọn là sílẹ̀.

Wọn ò kúkú fi í pamọ́ nígbà tí wọ́n dàgbà. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti pàdé ní Cleveland, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Superman àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe, ní 1933, ọ̀daràn apárí ni. Nígbà tí wọ́n máa tún un mọ, inú sinimá ni wọ́n ti lọ ṣà á jọ. Ìdúró rẹ̀, ọwọ́ níbàdí, àyà níta: Fairbanks. Awò ojú Clark Kent, orúkọ tí Superman ń jẹ́ láàárín èèyàn, àti ìtìjú rẹ̀: Harold Lloyd, aláwàdà ayé ìgbà tí sinimá ò tíì lóhùn. Clark, láti ara òṣèré Clark Gable. Kent, láti ara òṣèré Kent Taylor. Metropolis, ìlú tó ń gbé, orúkọ fíìmù Fritz Lang ti 1927 ni. Ẹ yọ gbogbo ìyẹn kúrò lára ẹ̀, kí ló kù? Pátá orí ṣòkòtò yẹn pàápàá, àwọn alágbára inú sákọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ ń múra bẹ́ẹ̀: ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ra kí iṣan lè hàn, pátá lórí ẹ̀ kí ohun tí kò yẹ kó hàn má bàa hàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn èèyàn ti sanwó wò ó rí o.

Dọ́là 130 ni àwọn ọmọkùnrin méjèèjì gbà, Superman sì kúrò lọ́wọ́ wọn pátápátá. Ọdún 1975 ni wọ́n tó rí owó ìfẹ̀yìntì, dọ́là 20,000 lọ́dún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń ká mi lára, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ti Batman, tí Bob Kane àti Bill Finger gbé jáde ní 1939, tún hàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kane fẹnu ara ẹ̀ dárúkọ Zorro àti The Bat Whispers, fíìmù ọdún 1930. Joker, ọ̀tá Batman, ńkọ́? Ẹ wá fọ́tò Conrad Veidt nínú The Man Who Laughs, fíìmù ti 1928: irun tí wọ́n yà sẹ́yìn, ojú tó kó wọnú, ẹnu tó là dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí eyín rẹ̀ hàn síta bó tilẹ̀ ń sunkún. Wọ́n jiyàn títí lórí ẹni tó dá Joker, ṣùgbọ́n fọ́tò yẹn ò ṣeé jiyàn.

Àwọn kan á ní àwọn akọni ìtàn àtijọ́, Gilgamesh, Heracles àti Sámsónì, ni baba wọn. Sámsónì ò ní orúkọ kejì, kò sì bojú. Àwọn kan á ní The Phantom, akọni kọ́míìkì ti Lee Falk, 1936. Aṣọ fífún mọ́ra ló ṣáájú wọn wọ̀, ó tán. Àwọn tó kàwé jù á gbé Ōgon Bat, akọni kan ti Japan, wá, láti nǹkan bí 1931. Ẹ ṣeun. Kamishibai ni ìyẹn: àwòrán tí wọ́n ń fà yọ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú férémù igi níwájú ọmọdé, tí ẹnì kan ń sọ ìtàn rẹ̀. Sinimá tí kò ní iná ni, ẹ̀yìn mi ló wà.

Nígbà tí Superman délé ìwé tán, sinimá ò fi í sílẹ̀. Superman inú ìwé kì í fò lófuurufú níbẹ̀rẹ̀. Bíbẹ́ ló ń bẹ́, ìdámẹ́jọ máìlì lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Fleischer ń ṣe é ní fíìmù àwòrán ní 1941, wọ́n rí i pé bíbẹ́ yẹn ò dùn-ún wò, wọ́n ní kó kúkú máa fò. Lọ́dún yẹn kan náà, ilé iṣẹ́ Republic gbé Captain Marvel, akọni kọ́míìkì mìíràn, jáde ní fíìmù alápá méjìlá, apá kan lọ́sẹ̀ kan, kí àwọn ọmọ lè padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ wo bóyá akọni kú tàbí ó yè. Kó lè dà bí ẹni tó ń fò, ère ni wọ́n so mọ́ wáyà, tí wọ́n jẹ́ kó yọ̀ lọ gbuurugbu láti òkè. Mo ṣì fẹ́ràn ère yẹn ju ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe lóde òní lọ.

Èyí tó dùn jù ni ti Alfred, ìránṣẹ́ Batman. Nígbà tó kọ́kọ́ yọjú nínú kọ́míìkì ní 1943, sísanra ló sanra, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, kò ní irùnmú. Lọ́dún yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ sinimá Columbia gbé Batman jáde ní apá 15, William Austin ló sì ṣe Alfred, ọ̀gbẹ́ni tín-ínrín onírùnmú. Kí ni kọ́míìkì ṣe? Wọ́n rán Alfred lọ síbi ìtọ́jú ara, ó sì padà wálé ní tín-ínrín, pẹ̀lú irùnmú. Inú eré yẹn náà ni ihò ilẹ̀ tí Batman ń sá sí ti wá.

Ìyókù, ẹ mọ̀ ọ́n: òfin Comics Code, ìlànà ohun tí wọ́n lè tẹ̀ sínú kọ́míìkì, tó bẹ̀rẹ̀ sí fún kọ́míìkì lọ́rùn ní 1954, kọ́míìkì Fantastic Four ní 1961, Adam West tó ṣe Batman ní 1966, Christopher Reeve tó ṣe Superman ní 1978, fíìmù X-Men ní 2000, títí dé fíìmù Avengers: Endgame ti 2019 tó pa ju bílíọ̀nù méjì dọ́là lọ. Láàárín gbogbo ìyẹn, ọ̀nà ò yí padà. Barbara Gordon di Batgirl, akọni obìnrin inú ìtàn Batman, ní 1967 nítorí pé àwọn onítẹlifíṣọ̀n bèèrè fún un. Harley Quinn, obìnrin tó ń tẹ̀lé Joker, eré àwòrán tẹlifíṣọ̀n ti 1992 ló bí i kí kọ́míìkì tó gbà á. Ní 2002, ayàwòrán Bryan Hitch ya Nick Fury, ọ̀gá àwọn amí, lọ́nà tuntun nínú kọ́míìkì The Ultimates, ojú òṣèré Samuel L. Jackson ló sì fún un. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní ìparí fíìmù Iron Man, Jackson fúnra ẹ̀ jáde látinú òkùnkùn, ó ní Nick Fury lòun.