RAM 16GB ẹyọ kan àti 8GB méjì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé ọ̀kan náà ni

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí, ọjọ́ ti pẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà tó máa fi gbá géèmù, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ sọ fún un nípa RAM, ìyẹn mẹ́mọ́rì tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ni pé "kí RAM ẹ̀ ṣáà ti pé 16GB, ó ti parí nìyẹn", bó bá wá béèrè pé ṣé ẹyọ kan ni àbí méjì, wọ́n á ní kí ló kàn ọ́ níbẹ̀, ṣebí 16 náà ni 16.

Àbúrò mi kan ra láptọ́ọ̀pù tokunbo, CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Ryzen 5 5500U ló wà nínú ẹ̀, kò ní graphics card lọ́tọ̀, ìyẹn káàdì tó ń gbé àwòrán géèmù jáde. 8GB méjì ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tó tà á fún un yọ méjèèjì, ó fi 16GB ẹyọ kan rọ́pò ẹ̀, ó ní oore lòun ṣe é, torí àyè kan á ṣẹ́ kù tó lè fi kún un tówó bá dé. Ọmọ yìí délé, géèmù bọ́ọ̀lù tó ń lọ geere lórí láptọ́ọ̀pù ọ̀rẹ́ ẹ̀, irú kan náà ni wọ́n rà o, wá ń fẹsẹ̀ kọ lórí tiẹ̀. Ó pè mí, ó ní "ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti gbé gbàrọgùdù fún mi." Láptọ́ọ̀pù yẹn ò ní nǹkan kan, RAM yẹn gan-an ò ní nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe tò ó ló fa wàhálà.

Ẹ jẹ́ ká fi òde ìnáwó ṣàlàyé ẹ̀. Wọ́n se ìrẹsì kúlà ńlá kan, ẹnì kan ló dúró tì í tó ń bù ú, igba àlejò ló jókòó. Ìrẹsì ò ní tán lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń bù ú, ebi á máa pa àwọn tó wà lẹ́yìn. Ká wá pín ìrẹsì yẹn gan-an sí kúlà méjì kí ẹni méjì máa bù ú lẹ́ẹ̀kan náà, hóró ìrẹsì kan ò lé sí i, ṣùgbọ́n àwo tó ń jáde ti di ìlọ́po méjì. GB ni ìrẹsì, channel, ìyẹn ọ̀nà tí dátà ń gbà láàárín RAM àti CPU, ni ọwọ́ tó ń bù ú, ìrẹsì làwọn èèyàn sì máa ń kà, wọn kì í ka ọwọ́.

Channel kọ̀ọ̀kan, bit 64 ló fẹ̀, ìyẹn byte 8. Tí RAM yín bá jẹ́ DDR4 3200 (DDR4 ni ìran RAM yẹn, 3200 ni eré ẹ̀), ìgbà 3,200 mílíọ̀nù ló ń gbé ẹrù ní sẹ́kọ́ńdù kan, ẹ fi 8 ìlọ́po ẹ̀, 25.6GB ló lè kọjá ní sẹ́kọ́ńdù kan. Tó bá jẹ́ channel méjì, 51.2GB. Kódà RAM méjì tó ń rìn jẹ́jẹ́ ní 2133, channel méjì á jẹ́ kó tó 34.1GB, ó ṣì ju ẹyọ kan tó ń sáré 3200 lọ. Orí ìwé nìyẹn o, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ lẹ máa rí lójú géèmù, àmọ́ ẹ ti rí bó ṣe ń lọ. Kì í ṣe nǹkan tuntun náà, NVIDIA ti ṣe é sínú nForce, chip mọ́dábọ́ọ̀dù wọn, fún kọ̀ǹpútà ilé láti 2001.

Ta ló wá ń jẹ ìrẹsì yìí jù? Graphics ni. Ẹni tó ní graphics card lọ́tọ̀, ṣe ló dà bí àlejò tó gbé oúnjẹ tiẹ̀ dání láti ilé. GTX 1050 Ti tó jáde ní 2016, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pè ní arúgbó báyìí, ní mẹ́mọ́rì tiẹ̀ tó ń gbé 112GB ní sẹ́kọ́ńdù, kò bá ẹnikẹ́ni du nǹkan. Àmọ́ graphics tó wà nínú CPU, bíi Vega inú Ryzen 5 5600G tàbí inú 5500U àbúrò mi yẹn, kò ní mẹ́mọ́rì kankan tó jẹ́ tiẹ̀, inú RAM náà ló ti ń jẹ, òun àti CPU ló jọ ń na àwo sí ọwọ́ kan ṣoṣo yẹn. Irú kọ̀ǹpútà báyìí, tẹ́ ẹ bá kúrò ní ẹyọ kan bọ́ sí méjì, FPS, ìyẹn iye àwòrán tí géèmù ń gbé jáde ní sẹ́kọ́ńdù kan, lè fi ìdá kan nínú mẹ́ta gbéra nínú géèmù míì, òmíràn á jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó ń dùn mí jù níbẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí ò rówó ra graphics card ni irọ́ yìí ń ṣe ní jàǹbá, òun gan-an ni wọ́n sì máa ń sọ fún pé kò sí ìyàtọ̀.

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́ kó lọ wo láptọ́ọ̀pù Intel 11th gen tó ní Iris Xe, graphics tó wà nínú CPU Intel. Tí RAM inú ẹ̀ bá jẹ́ channel kan, Windows ò ní pè é ní Iris Xe mọ́, "Intel UHD Graphics" lẹ máa rí níbẹ̀. Intel fúnra wọn ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ìkejì sí i, orúkọ á padà.

Ìgbàgbọ́ òdì kejì tún wà lódìkejì o, àwọn tó ń sọ pé channel méjì á sọ FPS di ìlọ́po méjì. Rárá. Tẹ́ ẹ bá ti ní graphics card gidi, FPS lápapọ̀ lè má fi bẹ́ẹ̀ yí padà, pàápàá tó bá jẹ́ card yẹn ló ń làágùn jù. Ibi tẹ́ ẹ ti máa mọ̀ ọ́n ni ìgbà tí géèmù bá ń já lójijì, tẹ́ ẹ bá wọ àárín ìlú nínú géèmù tí ayé ẹ̀ tóbi, tàbí tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ń yìnbọn lẹ́ẹ̀kan náà, CPU á máa wá dátà kíákíá, tí channel bá jẹ́ kan, á dúró dè é. Mo sì máa sọ òótọ́ yìí náà: 4GB méjì ò sàn ju 16GB kan lọ fún àwọn géèmù ìsinsìnyí, torí tí ìrẹsì bá tán pátápátá, ọwọ́ mẹ́wàá ò lè bù ú, kọ̀ǹpútà á lọ máa wá àyè lórí disk, ìyẹn ló burú jù. Kó pọ̀ tó ná, ká tó wá ka ọwọ́.

Àwọn míì ti ra méjì o, àmọ́ ibi tí wọ́n ki RAM náà bọ̀ kò dáa. Mọ́dábọ́ọ̀dù tó ní slot (ojú ihò tí wọ́n ń ki RAM bọ̀) mẹ́rin, méjì tó fara kan ara wọn sábà máa ń jẹ́ ti channel kan náà, tẹ́ ẹ bá tì wọ́n mọ́ra bẹ́ẹ̀, ọwọ́ kan ṣì ni. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀, slot kejì àti ìkẹrin lẹ máa kì í sí, tẹ́ ẹ bá kà á láti ẹ̀gbẹ́ CPU, wọ́n máa ń kọ A2 àti B2 sí i lára, ẹ ṣáà wo ìwé tó bá bọ́ọ̀dù yẹn wá. Tó bá jẹ́ 8GB àti 4GB lẹ ní, ó máa ṣiṣẹ́ náà, 4 nínú 8 yẹn á bá 4 kejì ṣe channel méjì, èyí tó ṣẹ́ kù á máa dá rìn. Tí eré wọn ò bá dọ́gba, èyí tó ń rìn jẹ́jẹ́ ni wọ́n jọ máa bá rìn.

Ti DDR5, ìran RAM tó tẹ̀lé DDR4, ló tún wá ń da àwọn èèyàn láàmú báyìí, wọ́n ní ẹyọ kan ti jẹ́ channel méjì fúnra ẹ̀ torí ó pín sí méjì nínú. Ó pín lóòótọ́, àmọ́ bit 32 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ pa á pọ̀, 64 náà ló ń jẹ́. Wọ́n kàn fún ẹnì kan ṣoṣo tó ń bu ìrẹsì ní ṣíbí kéékèèké méjì ni. Ẹyọ kan DDR5 5600 ń gbé 44.8GB, méjì ń gbé 89.6GB.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, Task Manager ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí, ẹ lọ sí Performance, ẹ tẹ Memory, ẹ máa rí iye slot tí wọ́n ń lò níbẹ̀. Àmọ́ kò ní sọ iye channel, app kan tó ń jẹ́ CPU-Z ló ń sọ ìyẹn, ẹ wo abẹ́ Memory: ti DDR4 á kọ Dual, ti DDR5, tí CPU-Z yín ò bá ti pẹ́ jù, á kọ 4 x 32-bit tó bá jẹ́ méjì. Bí àbúrò mi ṣe mọ̀ nìyẹn, Single ló kọ síbẹ̀ gàdàgbà. A ò ju 16GB yẹn nù, ó pààrọ̀ ẹ̀ pẹ̀lú ẹnì kan tó ní 8GB méjì 3200, ó fi owó díẹ̀ lé e, ó kì wọ́n bọnú ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àfi bó ṣe pè mí láago mọ́kànlá òru tó ń pariwo.