Kí ni "DNA fọ́ńgọ́ọ̀sì wọn bára mu" túmọ̀ sí?

Aláìsàn méjì wà ní wọ́ọ̀dù kan náà. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì wò, wọ́n bá fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ Candida albicans níbẹ̀. Ṣé ọ̀kan ló kó o ran èkejì? Orúkọ fọ́ńgọ́ọ̀sì yẹn nìkan kò lè sọ fún wa, torí ọ̀pọ̀ èèyàn tí ara wọn le ló ní i lẹ́nu àti nínú ìfun láìjẹ́ pé ó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ DNA rẹ̀ wò, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá orísun kan náà ni méjèèjì ti wá.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tètè dá ẹjọ́. Bí wọ́n bá ní ẹni tó jalè wọ ṣòkòtò dúdú, èèyàn mélòó ni kò wọ ṣòkòtò dúdú lọ́jọ́ yẹn? Bẹ́ẹ̀ náà ni àyẹ̀wò tó ń wo ibi díẹ̀ péré lára DNA ṣe lè pe àjèjì méjì ní ọmọ ìyá.

Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní RAPD. Ó yá, kò sì náni lówó púpọ̀. Ìlà-ìlà ló máa ń yọ jáde, wọ́n á wá fi ìlà ti ẹni yìí wé ti ẹni yẹn. Ṣùgbọ́n bí ìgbóná ẹ̀rọ bá yí díẹ̀, tàbí tí èròjà rẹ̀ kò bá rí bákan náà, ìlà yẹn á yí pa dà. Mi ò ní fọkàn tán an láti fi èsì láàbù kan wé ti òmíràn. Ọ̀nà míì tí wọ́n ń pè ní MLST sàn jù ú lọ níbi yìí: lẹ́tà DNA gan-an ló ń kà, nínú jíìnì méje, ìyẹn apá méje lára DNA, ní ti Candida albicans, láàbù tó bá sì kà á dáadáa níbikíbi láyé, ohun kan náà ni á rí.

Èyí tó ń rí jìnnà jù ni kíka gbogbo DNA látòkèdélẹ̀. Lọ́dún 2012, abẹ́rẹ́ tí fọ́ńgọ́ọ̀sì Exserohilum rostratum ti wọ̀ kó àìsàn bá ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n ka DNA fọ́ńgọ́ọ̀sì tí wọ́n rí lára àwọn aláìsàn, wọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀ síra rárá.

"Kò bára mu" náà ní ọ̀fìn tirẹ̀. Ẹnì kan lè gbé oríṣi Candida méjì sára. Lórí abọ́ láàbù, kókó-kókó funfun ló máa ń hù. Ẹni tó bá ṣa kókó kan ṣoṣo lè fi èyí tó ran aláìsàn kejì sílẹ̀ sínú abọ́.