Kí ni Inuit Qaujimajatuqangit?

Ọ̀rọ̀ náà gùn lẹ́nu, àwọn tó ni ín gan-an a máa gé e kúrú sí IQ. Èdè Inuktitut ni, ìyẹn èdè àwọn Inuit, ọmọ ìbílẹ̀ ilẹ̀ olótùútù ní àríwá ayé, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "ohun tí àwa Inuit ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́". Nunavut, ní òkè pátápátá ní àríwá Kánádà, ni ẹ ti máa gbọ́ ọ jù. Ìlú àti abúlé 25 ló wà níbẹ̀, kò sì sí títì tó so ọ̀kan mọ́ èkejì. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá agbègbè náà sílẹ̀ ní 1999 ni ìjọba ibẹ̀ ti ní IQ ni àwọn yóò máa fi ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ àwọn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń túmọ̀ rẹ̀ sí "ìmọ̀ ìbílẹ̀". Kò burú, ṣùgbọ́n ó sọ ọ̀rọ̀ náà di kékeré jù. Bí a ṣe ń rán awọ séèlì, ẹranko inú òkun, wà nínú IQ, bí a ṣe ń pín ẹran wà níbẹ̀, bí a ṣe ń jókòó sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi kò náà wà níbẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n ń pè ní aajiiqatigiinniq. Èyí tó wù mí jù ni pilimmaksarniq, ìyẹn kíkọ́ṣẹ́ nípa wíwò àti ṣíṣe. Ọmọ tí yóò mọ yìnyín, ẹ̀yìn àgbà ni yóò máa tọ̀ lórí òkun dídì, tí yóò máa wo bó ṣe ń fi ọ̀kọ̀ gún un wò kí ó tó gbé ẹsẹ̀ lé e.

Ṣé irú ìmọ̀ báyìí ṣeé gbára lé? Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní 1845, John Franklin, awákiri ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kó ọkọ̀ ojú omi méjì, Erebus àti Terror, kúrò ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú èèyàn 129 tó wọ inú yìnyín, tòun ti Franklin fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò padà. Ní 1854, àwọn Inuit sọ fún awákiri mìíràn, John Rae, pé ebi ló pa wọ́n, pé àwọn kan tilẹ̀ jẹ òkú ẹlẹgbẹ́ wọn. Inú bí wọn ní London. Charles Dickens, gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu aláìlajú kò ṣeé gbà gbọ́. Nígbà tí wọ́n wá yẹ egungun àwọn òkú wò ní ọ̀rúndún ogún, ojú ọ̀bẹ wà lára wọn.

Àwọn Inuit tún ti dárúkọ ibi tí ọkọ̀ kan rì sí: Utjulik. Louie Kamookak, ará ìlú Gjoa Haven ní Nunavut, fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ìtàn lẹ́nu àwọn àgbà jọ. Ní 2014, ọgọ́jọ ọdún lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Rae, wọ́n rí Erebus ní Utjulik náà. Ní 2016, Sammy Kogvik, ará ìlú kan náà, sọ fún àwọn awákiri pé òun ti rí igi kan rí tó yọrí láti inú yìnyín ní Terror Bay. Wọ́n lọ síbẹ̀, wọ́n sì bá Terror. Ó dùn mí pé ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó fetí sílẹ̀.

Nítorí náà, tí wọ́n bá ní kí a pa IQ mọ́, kì í ṣe pé kí a kó o sínú àpótí gíláàsì. Gbígba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ dára, àmọ́ ohun tó já okùn ìmọ̀ náà ni ilé ẹ̀kọ́ àgbélé tí ìjọba Kánádà kó àwọn ọmọ Inuit lọ, níbi tí wọ́n ti ń jẹ wọ́n níyà torí pé wọ́n sọ Inuktitut. Ọmọ tí kò bá sí lẹ́yìn àgbà, kí ni yóò wò?

Ní Sanikiluaq, ìlú kan ní Nunavut, ẹgbẹ́ Arctic Eider Society gbé áàpù kan jáde ní 2019, SIKU, tó túmọ̀ sí yìnyín orí òkun. Ọdẹ yóò ya àwòrán ibi tó dúró sí, yóò fi orúkọ tí èdè rẹ̀ ń pe irú yìnyín náà sí i, ohun tó kọ síbẹ̀ sì jẹ́ tirẹ̀. Sikuliaq ni yìnyín tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì. Tuvaq ni èyí tó ti di mọ́ etí ilẹ̀. Ẹni tó bá ń pe méjèèjì ní yìnyín lásán lè tẹ èyí tí kò yẹ kó tẹ̀.