Edward M. Burke

Edward Michael Burke (tí wọ́n bí ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá, ọdún 1943) jẹ́ olóṣèlú àti agbẹjọ́rò ní ìlú Chicago, ìpínlẹ̀ Illinois, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òun ni kánsẹ́lọ̀ tó ṣojú Wọ́ọ̀dù 14 nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú náà láti ọdún 1969 títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Kò sí ẹlòmíràn nínú ìtàn Chicago tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí àga kánsẹ́lọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún 54 yìí ló fi jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó lórí ìnáwó, ó sì tún ní ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò tirẹ̀ tó ń bá àwọn onílé ńlá ńlá gba ẹ̀dínkù lórí owó orí ilé wọn. Iṣẹ́ méjèèjì yìí ló sọ ọ́ di alágbára, àwọn náà ló sì gbé e dé ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, níbi tí wọ́n ti dá a lẹ́bi ní oṣù Kejìlá ọdún 2023.

Ìbẹ̀rẹ̀

Ìdílé olóṣèlú ni wọ́n bí Burke sí, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Chicago, láàrin àwọn ọmọ Ìjọ Àgùdà tí baba ńlá wọn wá láti ilẹ̀ Ireland. Joseph Burke, bàbá rẹ̀, ti ń ṣe kánsẹ́lọ̀ Wọ́ọ̀dù 14 láti ọdún 1953. Yunifásítì DePaul ni ọmọ náà lọ. Ọdún mẹ́ta ló fi ṣe ọlọ́pàá nígbà tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin, ó sì gboyè ní ọdún 1968. Ọdún yẹn náà ni bàbá rẹ̀ kú.

Ẹni tó bá wo bí ọmọ ṣe rọ́pò bàbá yóò rí bí òṣèlú Chicago ṣe ń lọ lábẹ́ méyọ̀ Richard J. Daley. Ẹgbẹ́ Democrat ní aṣojú ní ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan. Aṣojú yìí gbọ́dọ̀ mọ ojúlé dé ojúlé. Òun ni ará àdúgbò máa ń ké sí bí iná òpópónà bá kú tàbí bí wọn kò bá kó ìdọ̀tí, òun náà ni yóò sì tú wọn síta lọ́jọ́ ìbò. Iṣẹ́ ìjọba ìlú ni púpọ̀ nínú wọn fi ń jẹun. Àwọn aṣojú wọ̀nyí ló kọ́kọ́ fi Burke, ọmọ ọdún 24, ṣe olórí ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù náà. Ní oṣù Kẹta ọdún 1969 ló wá wọlé ìbò kánsẹ́lọ̀.

Gbọ́nmi-si-omi-ò-tó inú ìgbìmọ̀

Ní ọdún 1980, Burke díje láti di agbẹjọ́rò ìjọba fún Cook County, agbègbè ìjọba tí Chicago wà nínú rẹ̀. Méyọ̀ Jane Byrne wà lẹ́yìn rẹ̀, síbẹ̀ Richard M. Daley, ọmọ méyọ̀ àtijọ́, fẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀ nínú ìbò abẹ́lé.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1983, Harold Washington di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ́ méyọ̀ Chicago. Kánsẹ́lọ̀ 29 nínú 50 kọ̀ láti tẹ̀ lé e. Edward Vrdolyak ti Wọ́ọ̀dù 10 àti Burke ló ṣáájú wọn. Ní ìjókòó àkọ́kọ́, àwọn 29 yìí pín ipò alága àwọn ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó láàrin ara wọn, ti ìnáwó sì bọ́ sọ́wọ́ Burke. Washington lè fọwọ́ rọ́ òfin tí wọ́n bá ṣe sẹ́yìn, nítorí pé ìbò 34 ni wọ́n nílò láti borí ìkọ̀sílẹ̀ méyọ̀, 29 ni wọ́n sì ní. Báyìí ni ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣe di ara wọn lọ́wọ́ mú fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Ẹjọ́ lórí bí wọ́n ṣe pín wọ́ọ̀dù ló já okùn náà: ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n tún ìbò dì ní wọ́ọ̀dù méje ní ọdún 1986, iye àwọn méjèèjì wá di 25 sí 25, ìbò méyọ̀ fúnra rẹ̀ sì ń já ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tí Washington wọlé lẹ́ẹ̀kejì ní ọdún 1987, Burke pàdánù ipò alága.

Washington kú ní oṣù Kọkànlá ọdún náà. Ọdún 1989 ni Richard M. Daley, ẹni tó na Burke ní 1980, di méyọ̀, abẹ́ rẹ̀ sì ni Burke ti gba ipò alága ìnáwó padà. Kò tún fi í sílẹ̀ mọ́ títí di oṣù Kìíní ọdún 2019.

Alága ìnáwó àti agbẹjọ́rò owó orí

Abala yìí ló ṣe kókó jù fún ẹni tó bá fẹ́ lóye Burke, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn ìjà ọdún 1983 ni àwọn òǹkọ̀wé fẹ́ràn láti máa sọ.

Owó tí ìlú bá fẹ́ yá, ìrànwọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣe fún ẹni tó ń kọ́ ilé ńlá, àti owó tí ìlú bá fi parí ẹjọ́, gbogbo rẹ̀ ló ń gba iwájú ìgbìmọ̀ ìnáwó kọjá. Ibẹ̀ ni mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là tí ìlú san ní ọdún 2015 fún ẹbí Laquan McDonald gbà, ọ̀dọ́ tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní òpópónà Pulaski. Ìgbìmọ̀ náà tún ń ṣe ohun kan tí ó ṣàjèjì fún àwọn aṣòfin: òun fúnra rẹ̀ ló ń darí owó ìtọ́jú àwọn òṣìṣẹ́ ìlú tó farapa lẹ́nu iṣẹ́, nǹkan bí 100 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún. Joe Ferguson, olùbẹ̀wò àgbà ìlú, bá Burke fa á fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó lè yẹ àwọn ìwé náà wò. Lẹ́yìn tí Burke kúrò nípò ni wọ́n gbé iṣẹ́ yìí lọ sábẹ́ méyọ̀.

Ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò rẹ̀, Klafter & Burke, kò bá ìlú Chicago lò nínú iṣẹ́ owó orí ilé; àwọn aláṣẹ Cook County ni. Ní Chicago, wọ́n ń tún iye ilé dá ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Owó orí ilé gbígbé ń dá lórí ìdá 10 nínú 100 iye tí ilé náà lè tà lọ́jà. Ti ilé ìṣòwò jẹ́ ìdá 25. Onílé tí kò bá gba iye tí wọ́n dá lé ilé rẹ̀ lè pẹ̀jọ́ sọ́dọ̀ Assessor, ìyẹn aláṣẹ tó ń dá iye lé ilé, lẹ́yìn náà sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Board of Review, lẹ́yìn náà síwájú ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ tàbí ilé ẹjọ́. Àpapọ̀ iye tí ilé ẹ̀kọ́, ìlú àti àwọn yòókù fẹ́ gbà ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó pín in, nítorí náà bí ọ̀kan bá rí ẹ̀dínkù, ọrùn àwọn tó kù ni ẹrù rẹ̀ ń já lé. Iye tí agbẹjọ́rò bá bá oníbàárà fi pamọ́ ni wọ́n sábà máa ń wò láti fi san owó iṣẹ́ rẹ̀. Lórí ilé alájà púpọ̀ ní àárín ìlú, owó yìí kì í ṣe kékeré. Àpẹẹrẹ kan ni ilé gogoro Trump ní etí odò Chicago: ìròyìn fi hàn pé ẹ̀dínkù tí Burke bá wọn gbà lé ní mílíọ̀nù 14 dọ́là. Ní ọdún 2018 ló jọ̀wọ́ oníbàárà yìí.

Òfin kò sọ pé kí kánsẹ́lọ̀ má ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Michael Madigan, tó jẹ́ olórí ilé aṣojú-ṣòfin Illinois fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò owó orí bíi ti Burke. Ohun tí òfin ìgbìmọ̀ béèrè ni pé kí kánsẹ́lọ̀ yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ìbò tó bá kan oníbàárà rẹ̀. Burke ń ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra. Ó jọ pé ìgbà tó ti sọ pé òun kò dìbò, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n ìbò jẹ́ ìpele ìkẹyìn lásán nínú iṣẹ́ alága, ẹni tó ń pinnu ohun tí yóò dé orí tábìlì àti ọjọ́ tí yóò dé ibẹ̀.

Ẹjọ́

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 2018, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI ya wọ ọ́fíìsì Burke ní gbọ̀ngàn ìlú, wọ́n sì fi bébà aláwọ̀ ilẹ̀ bo gíláàsì ẹnu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má baà rí inú. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019 ni ẹ̀sùn àkọ́kọ́ jáde, ó sì fi ipò alága sílẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún, ẹ̀sùn náà di 14. Danny Solis, kánsẹ́lọ̀ Wọ́ọ̀dù 25 tí òun náà ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìjọba àpapọ̀, ti ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀.

Ọ̀ràn mẹ́rin ni ẹjọ́ náà dá lé. Èkíní ni ti ilé oúnjẹ Burger King kan ní òpópónà Pulaski kan náà, tó fẹ́ ṣàtúnṣe ilé. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní Burke lo ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ojú ọ̀nà ọkọ̀ láti dá iṣẹ́ náà dúró, kí àwọn tó ni ín lè gbé iṣẹ́ owó orí wọn wá fún un. Èkejì ni ti Ilé Ìfìwéránṣẹ́ Àtijọ́, ilé àwòyanu tí ọ̀nà mọ́tò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, tí ilé iṣẹ́ kan láti New York ń tún kọ́, tó sì ń wá ìrànwọ́ ìlú. Nínú ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, Burke bi Solis bóyá ẹja tuna náà ti gúnlẹ̀. Oníbàárà tí Burke ń wá ló fi ẹja náà pè. Ẹ̀kẹta ni ti pátákó ilé ìtajà ọtí kan ní àdúgbò Portage Park. Ẹ̀kẹrin kò kan owó orí rárá: Field Museum, ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Chicago, fẹ́ fi kún owó ìwọlé, Burke sì halẹ̀ pé òun yóò ta kò ó, nítorí pé wọn kò dá ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lóhùn nígbà tó wá ààyè ìkọ́ṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹ̀sùn wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó tún díje ní oṣù Kejì ọdún 2019. Àwọn tí ìran wọn wá láti Mẹ́síkò ló ti pọ̀ jù ní Wọ́ọ̀dù 14 nígbà náà, Daniel, àbúrò rẹ̀, sì ti pàdánù ìjókòó rẹ̀ nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní 2018. Síbẹ̀ Burke borí àwọn alátakò méjì pẹ̀lú ìbò tó lé ní ìdajì. Ìbò méyọ̀ ni ẹjọ́ náà gbà yí padà: ọ̀pọ̀ olùwòye gbà pé ó wà lára ohun tó gbé Lori Lightfoot, agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀ tẹ́lẹ̀, wọlé. Burke kò díje mọ́ ní 2023. Jeylú Gutiérrez ló gba àga náà.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 2023, àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà dá a lẹ́bi lórí 13 nínú ẹ̀sùn 14, títí kan gbígba rìbá àti fífi ipò halẹ̀ gba nǹkan. Ìjọba béèrè fún ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, adájọ́ Virginia Kendall fún un ní ọdún méjì àti owó ìtanràn mílíọ̀nù méjì dọ́là, lẹ́yìn tó ti ka ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí àwọn èèyàn kọ láti sọ oore tí Burke ti ṣe fún wọn. Oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ló wọ ẹ̀wọ̀n ní Thomson, Illinois; wọ́n dá a sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 2025.

Àwọn nǹkan mìíràn

Anne Burke, ìyàwó rẹ̀, wà lára àwọn tó dá ìdíje Special Olympics (eré ìdárayá fún àwọn tó ní ìpèníjà ọpọlọ) sílẹ̀ ní Chicago ní ọdún 1968, ó sì di adájọ́ àgbà ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Illinois láti 2019 sí 2022. Burke kọ́wọ́ ti òfin tó ka sìgá mímu léèwọ̀ níbi tí èrò ń pọ̀ sí. Ó fẹ́ràn ìtàn ìlú rẹ̀, ó sì bá àwọn ẹlòmíràn kọ ìwé lórí ìpàdé gbogbogbòò àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú tó wáyé ní Chicago. Ní ọdún 1997, òun ló gbé àbá wá síwájú ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n dá Catherine O'Leary àti màálù rẹ̀ láre lórí iná ńlá tó jó Chicago ní 1871. Àbá náà wọlé.