Awuyewuye owó ìrànwọ́ pápá ìṣeré ní Ọsirélíà

Awuyewuye owó ìrànwọ́ pápá ìṣeré ni ọ̀rọ̀ òṣèlú tó mi ìjọba àpapọ̀ Ọsirélíà lọ́dún 2020. Ó dá lórí mílíọ̀nù 100 dọ́là Ọsirélíà tí mínísítà eré ìdárayá, Bridget McKenzie, pín fún àwọn ẹgbẹ́ eléré àdúgbò kí ìdìbò àpapọ̀ oṣù karùn-ún ọdún 2019 tó wáyé. Àwọn akọ̀ròyìn ibẹ̀ sọ ọ́ ní «sports rorts». Rort ni ará Ọsirélíà máa ń pe màgòmágó ẹni tó mọ ìlànà dunjú, tó wá ń gba inú àlàfo rẹ̀ kọjá. Kò sẹ́ni tó sọ pé mínísítà náà kó owó sápò ara rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni pé ta ló yan àwọn tó gbowó, kí ló sì fi yàn wọ́n.

Ètò ìrànwọ́ náà

Ọdún 2018 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ ìjọba àjọṣe ẹgbẹ́ Liberal àti National. Owó tí wọ́n kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ kò tó mílíọ̀nù 30 dọ́là. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bù kún un kó tó di mílíọ̀nù 100. Ẹgbẹ́ eléré lè béèrè tó 500,000 dọ́là láti fi tún pápá ṣe, láti ri iná sí i, tàbí láti kọ́ yàrá ìpààrọ̀ aṣọ fún àwọn obìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbi tí wọ́n ti kọ́ gbogbo ilé fún ọkùnrin nìkan.

Sport Australia, àjọ ìjọba tó ń mójú tó eré ìdárayá, ló ń yẹ ìwé ìbéèrè wò, tó sì ń fún un ní máàkì. Ìdajì máàkì jẹ́ ti bí iṣẹ́ náà yóò ṣe fa àwọn ènìyàn wá ṣeré. Ìyókù jẹ́ ti bí àdúgbò ṣe nílò rẹ̀ tó àti bí wọ́n ṣe gbèrò àtiṣe é. Ìwé ìbéèrè 2,056 ló wọlé, 684 ló sì rí owó gbà, ní ìpele mẹ́ta. Nínú irú ẹgbẹ́ báyìí, akọ̀wé tó ń kọ ìwé ìbéèrè kì í sábà gbowó oṣù. Ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe lójúmọ́, alẹ́ ló fi ń kọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí inú fi bí wọn gan-an nígbà tí wọ́n gbọ́ pé máàkì kọ́ ló pinnu ọ̀rọ̀.

Ṣẹ́ẹ̀kì Yankalilla

Ṣẹ́ẹ̀kì páálí ńlá kan ló tú àṣírí. Ní oṣù kejì ọdún 2019, Georgina Downer, olùdíje ẹgbẹ́ Liberal fún ìjókòó Mayo ní ìpínlẹ̀ South Australia, gbé e fún ẹgbẹ́ àwọn tó ń yí bọ́ọ̀lù lórí koríko ní ìlú Yankalilla. 127,373 dọ́là ni wọ́n kọ sí i, pẹ̀lú orúkọ àti àwòrán Downer fúnra rẹ̀. Owó ìjọba ni owó náà, Downer kò sì sí nípò kankan. Rebekha Sharkie ti ẹgbẹ́ Centre Alliance ló wà lórí ìjókòó náà. Mark Dreyfus ti ẹgbẹ́ alátakò Labor kọ̀wé sí Ayẹ̀wé-owó-wò Àgbà, Grant Hehir, pé kó wádìí ọ̀rọ̀ náà. Downer kò wọlé nínú ìdìbò náà. Ìwádìí ń lọ ní tirẹ̀.

Ohun tí àyẹ̀wò rí

Ìjábọ̀ Ayẹ̀wé-owó-wò Àgbà jáde ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 2020. Ó fi hàn pé bí Sport Australia ṣe ń ṣírò máàkì, bẹ́ẹ̀ ni ọ́fíìsì mínísítà ń ṣe àkójọ tirẹ̀ lọ́tọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n kọ àgbègbè ìdìbò síwájú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi àwọ̀ ya àwọn àgbègbè náà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ òṣèlú tó wà lórí ìjókòó. Ìjábọ̀ sọ pé àgbègbè tí àjọṣe ìjọba fi ìbò díẹ̀ borí, àti èyí tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ alátakò, ni wọ́n dojú kọ.

Ní ìpele kìíní, ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó rí owó gbà ni Sport Australia kò dábàá. Ní ìpele kejì, ó di ìdá 70. Ní ìkẹta, ìdá 73. Bí ìdìbò ṣe ń súnmọ́ ni ọ̀nà àjọ àti ti mínísítà ń jìnnà síra.

Ọ̀rọ̀ aago tún wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2019, aago 8:29 òwúrọ̀ ni wọ́n tú ilé aṣòfin ká, tí ìjọba sì di amójútó lásán, tí kò yẹ kó ṣe ìpinnu ńlá mọ́. Aago 8:46 ni ọ́fíìsì mínísítà fi àkójọ ìpele kẹta ránṣẹ́ sí Sport Australia, ìyẹn lẹ́yìn ìṣẹ́jú 17. McKenzie ní ọjọ́ 4 oṣù náà lòun ti fọwọ́ sí i, àti pé òun kò mọ̀ nípa àyípadà kankan tó wọlé lẹ́yìn náà.

Àríyànjiyàn

Olórí ìjọba, Scott Morrison, sọ pé kò sí iṣẹ́ kan tó gbowó tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Àwọn ayẹ̀wé-owó-wò sọ fún ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà pé ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò kúnjú òṣùwọ̀n mọ́ nígbà tí wọ́n fi máa tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn: àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, àwọn mìíràn tilẹ̀ ti parí rẹ̀. McKenzie ní tirẹ̀ sọ pé ìlànà ètò náà fún mínísítà lágbára láti fọwọ́ sí i níkẹyìn, pé ẹni tí aráàlú dìbò yàn ló yẹ kó pinnu, àti pé àgbègbè Labor náà jẹ nínú rẹ̀.

Ibi tí àwọn amòfin tẹjú mọ́ ni òfin ọdún 1989 tó dá àjọ Sport Australia sílẹ̀, nítorí àjọ ni òfin yẹn fún lágbára àtipín owó, kì í ṣe mínísítà. Ìjábọ̀ sọ pé òun kò rí òfin tí mínísítà dúró lé. Ẹgbẹ́ eléré tẹníìsì ìlú Beechworth, ní ìpínlẹ̀ Victoria, gbé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ ilé ẹjọ́ àpapọ̀.

Ìfipòsílẹ̀

Ohun tó lé McKenzie kúrò kéré sí gbogbo èyí. Ó fún ẹgbẹ́ kan tó ń yìnbọn sí àwo amọ̀ ní Wangaratta ní bí 36,000 dọ́là, láìsọ pé òun náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ọ̀hún. Phil Gaetjens, akọ̀wé àgbà iléeṣẹ́ olórí ìjọba, sọ pé èyí lòdì sí ìlànà ìwà àwọn mínísítà, ṣùgbọ́n kò gbà pé òṣèlú ló darí ìpín owó náà. Ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 2020 ni McKenzie fipò sílẹ̀. Nínú ìjábọ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2021, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà, tí àwọn alátakò pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò gba èrò Gaetjens wọlé.

Èyí tó ṣáájú

Orúkọ «sports rorts» ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ẹgbẹ́ Labor tó ń pariwo lọ́dún 2020 ló kọ́kọ́ jẹ́ ẹ. Ros Kelly, mínísítà rẹ̀, pín bíi mílíọ̀nù 30 dọ́là fún pápá àti ilé ìṣeré. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ìwé tó fi ṣèpinnu, ó ní orí pátákó funfun ńlá kan nínú ọ́fíìsì òun ni àwọn ti ṣe é, wọ́n sì ti nù ún. Ó fipò mínísítà sílẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1994, ó kúrò nílé aṣòfin ní oṣù kìíní ọdún 1995, nígbà tó sì di oṣù kẹta, Liberal gba ìjókòó rẹ̀ ní Canberra nínú àtúndì ìbò. McKenzie ní tirẹ̀ padà sínú ìgbìmọ̀ mínísítà ní oṣù keje ọdún 2021.